Ohun Tó Ń Yí Ojú Àwọn Kan Pa Dà

Ojú àwọn kan tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn lè yí pa dà. Àgbọ̀n á tóbi, eyín á sì jìnnà síra. Kì í ṣe àsàsí o! Ẹṣẹ́ kéékèèké mẹ́rin tó ń jẹ́ parathyroid wà lọ́rùn wa. Tí kíndìnrín bá daṣẹ́ sílẹ̀, phosphate á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, calcium á dín kù. Ẹṣẹ́ yìí á wá máa ṣiṣẹ́ àṣejù, á máa fa calcium látinú eegun, eegun á rọ̀, á sì wú. Tó bá pẹ́, ojú lè má pa dà sí bó ṣe wà. Torí náà, ẹ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé, kẹ́ ẹ sì máa lo oògùn tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ lò pẹ̀lú oúnjẹ. Tí oògùn ò bá ká a, iṣẹ́ abẹ wà.