Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Báwo ni Ajayi Crowther ṣe wàásù n'Ílọrin?

Ṣé dandan ni kí oníwàásù bú ẹ̀sìn ẹlòmíì, tàbí kó fi èròńgbà rẹ̀ pa mọ́?

1. Lọ́dún 1872, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther wà níwájú Ẹ́míà Ìlọrin. Kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pa mọ́. Bí wọ́n ṣe ń bi í léèrè, Bíbélì Yorùbá ló ń ṣí, tó ń kà á jáde fún wọn, kí kálukú lè fetí ara rẹ̀ gbọ́.

2. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti bá àwọn Mùsùlùmí bíi Ẹ́míà yìí jiyàn rí ní Sàró (Sierra Leone). Ìyẹn ò so èso.

3. Àfàlà ìyá rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n rí ara wọn l'Ábẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ẹrú ti yà wọ́n nípá. Síbẹ̀, ìyá náà kò ṣèrìbọmi lọ́gán: ọdún 1848 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é.

Irú ìwàásù tí kò bú ẹ̀sìn ẹlòmíì, tí kò sì fi èròńgbà pa mọ́ báyìí ló yẹ kó gbòde. Ẹ bá wa pín in!