Bí Ẹ̀rọ Ọkọ̀-Òfúrufú Bá Kú Lójú Ọ̀run

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù August, ọdún 2023, ọkọ̀-òfúrufú kékeré kan já lulẹ̀ ní ẹ̀bá òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà, láàárín ilé àti ilé-iṣẹ́. Irú ọkọ̀ tí a ń pè ní Jabiru J430 ni, láti ilẹ̀ Australia. A máa ń tà irú rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, kí ẹni tí ó rà á lè tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Ènìyàn méjì ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì yè.

Ìròyìn bẹ́ẹ̀ a máa mú kí àwọn ènìyàn béèrè pé, bí ẹ̀rọ bá kú lókè, kí ni ó kù tí awakọ̀ lè ṣe? Ọ̀pọ̀ rò pé ọkọ̀ yóò já bí òkúta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àṣá lókè àpáta Adó-Àwáyè: ó na ìyẹ́ rẹ̀ láìjù ú, síbẹ̀ kò já. Ìyẹ́ ni ó gbé ọkọ̀ ró. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti fà á síwájú, kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá lára ìyẹ́ náà. Bí ẹ̀rọ bá kú, awakọ̀ yóò tẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, yóò sì máa bọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sókè, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré lè rìn tó máìlì kan àti ààbọ̀ kí wọn tó kan ilẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ sí i ni gbogbo àyè tí awakọ̀ ní.

Ká ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn ni èyí ti bá a, láàárín Ìsẹ́yìn àti Ṣakí ńkọ́? Àlejò yóò wí pé ibi gbogbo ni pápá. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ̀ pé koríko gíga a máa bo òkìtì ọ̀gán àti kùkùté mọ́lẹ̀, àti pé ebè iṣu lè dá ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró lójijì, kí ó sì dojú rẹ̀ dé. Ibi tí ó sàn ni oko tí a ti kórè, tàbí pápá tí iná ti jó, níbi tí ojú ti lè rí ilẹ̀. Bí oko náà bá ní poro, kí awakọ̀ tẹ̀lé poro, kí ó má ṣe dá a kọjá. Kí ó sì dojú kọ afẹ́fẹ́. Èéfín igbó tí a ń sun yóò fi ibi tí ó ti ń fẹ́ wá hàn án.

Ohun tí a fẹ́ tẹnu mọ́ jù lọ ni èyí. Bí ẹ̀rọ bá kú ní kété tí ọkọ̀ gbéra, ọkàn awakọ̀ yóò máa sọ fún un pé kí ó yí padà sí ibi tí ó ti dìde. Ewu ńlá ni. Ẹni tí ó bá yí lójijì nígbà tí kò tíì ga tó lè pàdánù eré rẹ̀. Ìyẹ́ kì yóò gbé e mọ́, nígbà náà ni ọkọ̀ yóò já bí òkúta ní tòótọ́. Ó ṣòro jù fún ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tò ọkọ̀ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí igi ya ìyẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dákẹ́, kí ó ka ọkọ̀ náà sí ohun tí ó ti sọnù. Kí ìyẹ́ fọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Bí ẹni tí ó jókòó nínú rẹ̀ bá yè, ọkọ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. A lè tún òmíràn tò.

Ẹ̀yin ará ilé, bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá balẹ̀ sí oko yín, ẹ má ṣe mú fìtílà tàbí sìgá sún mọ́ ọn, nítorí epo bẹntiróòlù lè máa jò. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ tí ń yí ní imú rẹ̀. Ẹ ran àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ láti jáde, ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá kíákíá.