Wárápá Ní Ìtọ́jú

Ẹ̀yin ìyá wa ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, wárápá kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àrùn tí itọ́ ń kó ranni. Àìsàn ọpọlọ ni.

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, oníṣègùn ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn, kò jókòó de aláìsàn; ó wá wọn lọ sí ìlú wọn. Ìwádìí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ayétẹ̀ (1982) fi hàn pé ènìyàn 37 nínú 1,000 ni ó ní wárápá. Ní Ìgbò-Ọrà tí kò jìnnà síbẹ̀ (1987), bíi 5 péré ni. Wọ́n gbà pé ìtọ́jú aboyún àti ti ọmọdé tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìgbò-Ọrà wà lára ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà.

Nítorí náà, ẹ bímọ sí ilé ìlera, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ, ẹ sì tètè tọ́jú ibà. Bí wárápá bá gbé ẹnìkan ṣánlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Oògùn ojoojúmọ́ ń kápá rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ má ṣe dá a dúró láìgbàṣẹ. Ọmọ abúlé ní ẹ̀tọ́ sí ìlera bí ọmọ ìlú ńlá.