Àgbà Tí Kò Lọ́mọ, Ta Ni Yóò Tọ́jú Rẹ̀?

Àwọn àgbà wa a máa wí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́, orí òwe yìí ni a gbé ètò ọjọ́ ogbó kà. Ọmọ ni yóò gbé omi ìwẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó ọmọ ni yóò po ẹ̀kọ, ọmọ-ọmọ ni yóò di bàbá àgbà lọ́wọ́ mú jáde sí ìta gbangba. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn: òkété tí kò bímọ ńkọ́?

Ní ilẹ̀ Faransé, ìbéèrè yìí wúwo púpọ̀ fún àwọn tí wọ́n ń pè ní LGBT, èyíinì ni ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin, obìnrin tí ó fẹ́ràn obìnrin, àti àwọn tí ìgbé ayé wọn gẹ́gẹ́ bí akọ tàbí abo kò bá ohun tí a kọ sínú ìwé ìbí wọn mu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti darúgbó láàárín wọn ni kò bímọ. Àwọn mìíràn ní ẹbí, ṣùgbọ́n ẹbí ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá gbé wọn mọ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí a ń pè ní EHPAD, ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọjọ́ orí wọn wò. Ẹni tí a bí ní ọdún 1944 jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní 1960, nígbà tí ilé aṣòfin Faransé ka irú ìfẹ́ yìí pọ̀ mọ́ ìmukúmu ọtí àti iṣẹ́ aṣẹ́wó gẹ́gẹ́ bí àjàkálẹ̀ tí ó ń ba àwùjọ jẹ́. Ó ti di ẹni ọdún 38 ní oṣù kẹjọ ọdún 1982 kí wọ́n tó pa òfin tí ó ya irú wọn sọ́tọ̀ fún ìjìyà rẹ́. Ó ti di ẹni ọdún 69 ní 2013 kí òfin tó gbà fún wọn láti ṣe ìgbéyàwó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kọ́ bí a ti ń fi ara pamọ́: olólùfẹ́ ni ó ń pè ní ọ̀rẹ́, tàbí ìbátan, tàbí ẹni tí a jọ ń gbé ilé.

Nínú ilé ara rẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn tí ó lè tì. Ní ilé ìtọ́jú, àjèjì ni ó ń wọlé wá ní òwúrọ̀ láti wẹ̀ ẹ́ àti láti wọ aṣọ fún un. Àjèjì ni ó ń rí àwòrán tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń fi àwòrán náà sílẹ̀ kí wọ́n tó kó wọ ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti jọ gbé fún ọgbọ̀n ọdún a wá di àlejò ọjọ́ Àìkú, tí kò lè dì wọ́n lọ́wọ́ mú lójú àwọn ènìyàn.

Kí ni ó wá ń mú kí ilé gba irú àgbà bẹ́ẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀? Ohun kékeré ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Dípò kí ìwé ìforúkọsílẹ̀ béèrè orúkọ ọkọ tàbí ìyàwó, ó lè béèrè pé: «Ta ni ó ṣe pàtàkì jù lọ fún yín?» Òfin oṣù kẹta ọdún 2002 fún aláìsàn ní Faransé ní ẹ̀tọ́ láti kọ orúkọ ẹni tí ó fọkàn tán sílẹ̀, *personne de confiance*; kò di dandan kí ó jẹ́ ẹbí. Òun ni dókítà yóò bi léèrè bí aláìsàn kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ilé tí ó bá ṣàlàyé ẹ̀tọ́ yìí fún gbogbo ẹni tí ó wọlé ti ṣe iṣẹ́ ńlá, láìtú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan ti kọ́ ilé pàápàá. Ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, Lebensort Vielfalt ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2012. Ní 2024, ó kan Lyon, níbi tí Maison de la Diversité ti ní yàrá ìgbé 16, tí kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí kì í ṣe LGBT. Ẹgbẹ́ GreyPRIDE ní tirẹ̀ ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ yìí ni mo kà sí jù, nítorí ilé bíi ti Lyon kò pọ̀. EHPAD lásán ni ọ̀pọ̀ jù lọ yóò parí ayé wọn sí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ láàárín àwọn tí ń wẹ àgbà, tí ń bọ́ àgbà ní Faransé, ọmọ tiwa sì wà lára wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé yìí, iṣẹ́ náà lè kàn yín lọ́la. Ẹlòmíràn yóò wí pé ẹ̀sìn wa kò fọwọ́ sí irú ìgbé ayé yìí, àti pé òfin Tógò pàápàá ń fìyà jẹ ẹ́. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa ẹ̀sìn rẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n àṣà wa mọ bí a ti ń ṣe sí arúgbó: a kì í bi í léèrè ẹni tí ó fẹ́ nígbà èwe kí a tó bu omi fún un mu.

Nítorí náà, bí bàbá àgbà tí ẹ ń wẹ̀ bá dárúkọ ọkùnrin kan tí ó ti kú, tí omi sì lé sí i lójú, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ má sì ṣe yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ bi í bí ẹni náà ti rí. Ní wákàtí yẹn, ẹ̀yin ni ọmọ tí òwe náà ń sọ.