Ta Ni Yóò Ní Ìsọ̀ Lọ́jà Bouaké?

Kò sí ọmọ Èjìgbò ilé Ògìyán kan tó ti la ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà já lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, tí yóò sọ pé òun kò gbọ́ orúkọ Bouaké rí, ìlú ńlá ilẹ̀ àwọn Baoulé tí ojú irin láti Àbíjàn dé ní 1912, níbi tí òwú, iṣu àti màlúù tó ń ti àríwá bọ̀ ti ń pàdé ẹrù tó ń ti etí òkun gòkè. Àtìpó àti onílé ló jọ ń jẹ nínú ọjà rẹ̀: Baoulé, Jùlá, ará Màlì, ará Burkina, pẹ̀lú àwọn Ànàgó tiwa. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni alábàrù ti ń fi owó àjọ ra ọjà àkọ́kọ́ tí yóò tẹ́ sílẹ̀, tí àtẹ ń di ìsọ̀, tí ọmọ ẹni tó ń ru ẹrù sì ń di akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Alassane Ouattara tó wà nínú ìlú náà.

Iná ló jẹ ọjà ńlá náà run ní 1998. Kí a tó gbọ́ pé wọn yóò tún un kọ́, ogun dé. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2002 ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi Bouaké ṣe ibùjókòó, àwọn báńkì ti ìlẹ̀kùn, òṣìṣẹ́ ìjọba sá lọ sí gúúsù. Ààrẹ ìgbà náà, Laurent Gbagbo, àti olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, Guillaume Soro, jọ dáná sun ìbọn ní pápá ìṣeré ìlú náà ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 2007, ṣùgbọ́n àlàáfíà nìkan kì í kọ́ ìsọ̀. Ojú títì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ṣì ń pàtẹ sí nígbà náà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Agbára ìlú nìkan kò lè ká àtúnkọ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ìjọba Côte d'Ivoire ní tirẹ̀ jẹ Faransé ní gbèsè, Faransé sì gbà pé bí wọ́n bá ti ń san án, òun yóò máa dá owó náà padà fún iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò sí. Àdéhùn yìí, tí wọ́n ń pè ní C2D, tí wọ́n kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ní 2012, ni wọ́n fi wá owó ọjà tuntun. Nicolas Djibo ni olórí ìlú nígbà tí Ààrẹ Ouattara àti Ààrẹ Macron fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 2019.

Èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ẹni tó fi òkúta lélẹ̀ sí. Ẹni tó mọ ọjà ni ìyálọ́jà tó mọ ẹni tó ti ń jókòó síbi kan láti ogún ọdún, àti onímọ́tò tó mọ ibi tó yẹ kí iṣu ti sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ayàwòrán ilé ti parí iṣẹ́ ni a tó pè wọ́n sí ìpàdé, kí ni wọn yóò ṣe níbẹ̀ ju pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lọ? Ẹni tí kò tó gèlètè kì í mí fìn-ìn: aláta orí àtẹ kò ní ìwé tí yóò fi hàn pé ibẹ̀ ni òun ń tà sí kí iná tó jó o, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé ni akọ̀wé ń béèrè nígbà tí a bá ń pín ìsọ̀. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà nìkan ló lè bá a jẹ́rìí.

Amadou Koné, mínísítà ètò ìrìnnà, di olórí ìlú ní 2023. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò lè ṣòro fún un. Owó ìsọ̀ ló le. Bí ó bá ga ju agbára tálákà lọ, ẹni tó ti lówó ní Àbíjàn yóò gba mẹ́ta mẹ́rin, yóò máa fi wọ́n háyà fún ẹlòmíràn, aláta yóò sì gbé àtẹ rẹ̀ padà sí ojú títì ní Dar-es-Salam, àdúgbò kan ní Bouaké.