Ọkọ̀ Eré Ìje Tí Kì í Fi Èéfín Rẹ̀ Ṣòfò

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ mọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ: bí wọ́n ti ń fín in, bẹ́ẹ̀ ni iná ń ràn sí i. Tọ́bò kò ju ẹwìrì inú ẹ́ńjìnnì lọ, àfi pé kò sí ọmọ-iṣẹ́ tí í fín in. Abẹ̀bẹ̀ méjì ni ó wà lórí ọ̀pá kan: èéfín ẹ́ńjìnnì a yí èkíní, èkejì a sì máa ti afẹ́fẹ́ wọlé kí epo lè jó dáadáa.

Ní 1977 ni Renault kọ́kọ́ gbé e wọ ìdíje Formula 1. Nígbà tí ó di 2014, òfin tuntun fi mọ́tò iná mànàmáná méjì kún ẹ́ńjìnnì lítà 1.6. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára tí ìbá di ooru lásán, mọ́tò kìíní a sọ ọ́ di iná, a kó o sínú bátìrì de ìgbà tí yóò tún sáré. Èkejì ń rí iná tirẹ̀ lára tọ́bò; ó ṣòro ṣe, ó sì wọ́n, ni wọ́n fi yọ ọ́ kúrò nínú òfin 2026.

Wọ́n wọn epo pẹ̀lú: 100 kílò péré fún eré kan ní 2014, kò sì gbọdọ̀ ṣàn ju ìwọ̀n 100 kílò ní wákàtí kan. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ní Melbourne, Daniel Ricciardo, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà gan-an, ṣe ipò kejì, èrò hó yèè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí epo ọkọ̀ rẹ̀ ṣàn kọjá ìwọ̀n. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní òṣùwọ̀n náà ni kò péye (ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ọjà mọ irú ẹjọ́ yìí), wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù kẹrin, wọ́n dá a nù.