Ìrọ́pò, Ìpààrọ̀ Tàbí Ẹwìrì? Èdè-Ìperí fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Fi Kún Agbára Ọkọ̀ Àtijọ́

1. Ìfáàrà

Ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, nínú èyí tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ti fi hàn pé èdè wa kò kéré sí ìmọ̀ ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú kíláàsì nìkan ni èdè-ìperí ti wúlò. Ó wúlò ní ìsọ̀ mẹkáníìkì pẹ̀lú, níbi tí owó ńlá ti lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń dúró fún ohun méjì tí kò bára mu.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tí ó ní Peugeot 504 ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1968 ni ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná. Ká ní ara ọkọ̀ náà ṣì le koko, ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ kò tẹ́ ẹni tí ó ni ín lọ́rùn mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún un: kí ó fi ẹ́ńjìnnì irú kan náà sí i, kí ó fi ẹ́ńjìnnì irú mìíràn sí i, tàbí kí ó mú kí ẹ́ńjìnnì tí ó wà níbẹ̀ máa gba afẹ́fẹ́ ju bí ó ti ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé yóò ṣòro fún un láti yàn dáradára láàrin ọ̀nà mẹ́ta yìí bí kò bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó dá dúró fún wọn.

2. Ìrọ́pò yàtọ̀ sí ìpààrọ̀

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, “ṣénjì ẹ́ńjìnnì” ni ọ̀nà kìíní àti ọ̀nà kejì ń jẹ́. A dábàá pé kí a pe ti kìíní ní ìrọ́pò ẹ́ńjìnnì, kí a sì pe ti kejì ní ìpààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó bá rọ́pò olóyè, oyè tí ó bá nílẹ̀ ni ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n nínú pàṣípààrọ̀, ohun tí a fi sílẹ̀ àti ohun tí a gbà kì í rí bákan náà, ẹni tí ó gbà á sì ní láti wá àyè fún un.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Lọ́nà méjèèjì, a ní láti tún nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kọ sínú ìwé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìrọ́pò, ìjókòó ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì àti wáyà lè wà bí wọ́n ti wà. Nínú ìpààrọ̀, gbogbo wọn ni a ní láti tún wò. Bí ẹ́ńjìnnì tuntun bá wúwo ju ti àtijọ́ lọ, sípíríǹgì iwájú yóò wọlẹ̀. Bí ipá-ìyí rẹ̀, èyíinì ni ipá tí ó fi ń yí ọ̀pá tí ó lọ sínú gíábọ́ọ̀sì, bá pọ̀ jù, eyín gíà lè ká. Bí ooru rẹ̀ bá pọ̀ sí i, rédíétọ̀ àtijọ́ lè má lè tù ú. Bí eré rẹ̀ bá sì pọ̀ sí i, ìjánu àtijọ́ lè má tó o dá dúró. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ni àwọn àgbà wí. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ìpààrọ̀ ni òun fẹ́ ṣe, kì í ṣe ìrọ́pò, yóò ti mọ̀ pé owó ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ni òun yóò san.

3. Ẹwìrì

Ọ̀nà kẹta ni ó ṣòro jù láti sọ. Epo kì í jó láìsí afẹ́fẹ́: kí kílò epo bẹntiróòlù kan tó lè jó tán, ó ń fẹ́ nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tí ó bá wọ inú sílíńdà ni ó ń pinnu iye epo tí a lè jó níbẹ̀, òun náà ni ó sì ń pinnu agbára tí yóò jáde. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń fúnra rẹ̀ fa afẹ́fẹ́ ni a dábàá pé kí a máa pè ní ẹ́ńjìnnì adámí. Èyí tí ẹ̀rọ mìíràn ń ti afẹ́fẹ́ sí nínú, kí ó máa jẹ́ ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́wìrì, nítorí pé ohun tí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ń ṣe fún iná ni ẹ̀rọ náà ń ṣe fún un.

Ẹwìrì yìí pín sí méjì. Èyí tí ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì yí ni ẹwìrì oníbẹ́líìtì. Ó ń jẹ nínú agbára tí ẹ́ńjìnnì ń mú wá. Èyí tí èéfín tí ó ń jáde lọ ń yí ni ẹwìrì eléèéfín, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́bò. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé-àṣẹ olùṣẹ̀dá lórí rẹ̀ ní ọdún 1905. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má pè é ní tọ́bò mọ́; ohun tí a ń wí ni pé tọ́bò ń dárúkọ ẹ̀rọ láìsọ ohun tí ń yí i.

Àfiwé yìí ní ibi tí ó mọ. Iná alágbẹ̀dẹ wà ní gbangba, ṣùgbọ́n yàrá tí a tì pa ni inú sílíńdà. Afẹ́fẹ́ tí a bá sì fún pọ̀ a máa gbóná. Ká ní ooru afẹ́fẹ́ ìta jẹ́ 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí a sì fún un pọ̀ títí ìfúnpá rẹ̀ fi di ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Bí ẹwìrì náà kò tilẹ̀ ní àbùkù kankan, ooru afẹ́fẹ́ yóò dé nǹkan bíi 67. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa fẹ̀. Nítorí náà, dípò kí afẹ́fẹ́ tí ó wọlé fi ìdajì pọ̀ sí i, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò fi pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń fi amáfẹ́fẹ́tutù sí àárín ẹwìrì àti sílíńdà.

4. Ọ̀rọ̀ tí ó léwu: nọ́ọ̀kì

Bí wọ́n bá sọ ní ìsọ̀ mẹkáníìkì pé ẹ́ńjìnnì “ti nọ́ọ̀kì”, ohun tí wọ́n ń wí ni pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ, àìsàn ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe ikú: àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ tí iná púlọ́ọ̀gì kò tíì ràn dé yóò gbiná fúnra rẹ̀ lójijì nítorí ooru àti ìfúnpá. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ “nọ́ọ̀kì” fún èyí yóò ṣi òǹkàwé rẹ̀ lọ́nà. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ìró kọ̀kọ̀kọ̀ yóò máa wí pé ẹ́ńjìnnì òun kò tíì nọ́ọ̀kì, nígbà tí písítìnnì ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. A dábàá ìgbiná òdì fún àìsàn náà. Kí nọ́ọ̀kì máa jẹ́ orúkọ ikú, bí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n.

Ìgbiná òdì ni ọ̀tá ẹwìrì lórí ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù. Oldsmobile Jetfire, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1962, wà lára àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tí a tà pẹ̀lú ẹwìrì eléèéfín. Ìwọ̀n ìfúnpọ̀ inú sílíńdà rẹ̀ ga, ó jẹ́ 10.25 sí 1. Láti dènà ìgbiná òdì, a ní láti máa fọ́n omi tí a pò mọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó rà á ni kì í bu omi náà sí i. Ọdún 1963 ni a dá ṣíṣe rẹ̀ dúró.

5. Bí a ṣe lè wọ̀n wọ́n

Ohun tí Peugeot fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tí ó jẹ́ lítà 2.3 ń mú agbára ẹṣin 70 wá nínú 504. Nígbà tí a so ẹwìrì eléèéfín mọ́ ọn nínú 604 ní ọdún 1979, ó di 80. Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, afẹ́fẹ́ nìkan ni a ń fún pọ̀ kí epo tó wọlé, nítorí náà kò sí àdàlù tí yóò gbiná ṣáájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí 505 onípẹtiróòlù gba ẹwìrì ní ọdún 1983, a kò lo ẹ́ńjìnnì tí 505 jogún lọ́dọ̀ 504. Ẹ́ńjìnnì mìíràn, tí ìran rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Simca wá, ni a lò. Ìpààrọ̀ àti ẹwìrì ni a ṣe pọ̀.

Nítorí náà, bí rìngì písítìnnì bá ti jẹ, kí ẹni tí ó ni 504 ṣe ìrọ́pò ná. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kì í ru ẹrù kún ẹrù. Bí agbára púpọ̀ ni ó ń fẹ́, kí ó ronú sí ìpààrọ̀, kí ó sì ṣírò owó ìjánu àti gíábọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ ọn. Lórí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ onípẹtiróòlù, ẹwìrì ni kí ó gbẹ̀yìn, bí ẹ́ńjìnnì náà bá lágbára, tí ìwọ̀n ìfúnpọ̀ rẹ̀ kò ga, tí epo tí ó dára sì wà.

Kí àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ tó kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ wọ́n létí àwọn mẹkáníìkì àdúgbò yín. Bí wọ́n bá ní èyí tí ó dára ju tiwa lọ, tiwọn ni kí a gbà.